Bí Mo Ṣe Gé Ìkíni Bàbá Káfíńtà Kúrú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti bí oṣù mélòó kan, mo sì ti pinnu pé màá sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, mi ò ní bu iyọ̀ sí i. Ẹ̀bi mi pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi o, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná!

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnjiníà ilé kíkọ́ ni mí. Igbó Ẹfọ̀n ni mò ń gbé, ọ́fíìsì wa wà ní Lẹ́kkí Phase 1, ṣùgbọ́n sáìtì ni mo ti ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé mi. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá mi fún mi ní sáìtì kan ní Addo, lẹ́bàá Ajah, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún Alhaja kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa fi odindi sáìtì sí ìkáwọ́ mi. Èmi nìkan! Inú mi dùn débi pé mo lọ ra bàtà sáìtì tuntun.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni mo fẹ́ máa purọ́ fún? Obìnrin ni mí, mi ò ga, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí. Àwọn tó wà lábẹ́ mi jẹ́ ọkùnrin bíi méjìdínlógún: bíríkìlà, káfíńtà, àwọn tó ń tẹ irin, lébìrà. Ìdajì wọn ló lè bí mi lọ́mọ.

Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, mo ti rí bí wọ́n ṣe ń pe àwa obìnrin ní "sisí" àti "ìyàwó wa". Wọ́n á ní kí sisí lọ jókòó síbi ìbòòji kí oòrùn má ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Mo wá búra pé ẹnikẹ́ni ò ní pè mí ní sisí ní Addo.

Ọgbọ́n wo ni mo dá? Mo sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè sáìtì. Ẹ wò ó, ọgbọ́n burúkú gbáà ni! Tí n bá fẹ́ fi Yorùbá bá ẹni ọgọ́ta ọdún sọ̀rọ̀, "ẹ" ni màá lò. Tí mo bá lo "o", gbogbo sáìtì á mọ̀ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì, "you" kan náà ló wà fún bàbá àti ọmọ. Mo lè fi "you" gún àgbàlagbà lójú, kí n sì máa rò pé mi ò ṣẹ̀ ẹ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìkíni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń kíni. Ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa la jí, ilé ńkọ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ṣé wọ́n ti múná wá ládùúgbò yín? Kí ẹ tó mọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti lọ. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. "Good morning, Engineer" ti tó, kí kálukú kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dá iṣẹ́ dúró àfi tí èmi bá sọ ọ́.

Bàbá Gàní ni olórí àwọn káfíńtà wa. Ọmọ Ìkìrun ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, iṣẹ́ ló gbé wọn wá sí Èkó, ìyàwó wọn wà nílé. Ẹ ò rí ẹni tó fẹ́ràn àti máa kíni! Wọ́n á kí mi, wọ́n á kí ẹni tó ń já búlọ́ọ̀kù, wọ́n á kí ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì tí wọn ò mọ̀ rí. Tí wọ́n bá rí ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Tí wọ́n bá rí ẹni tó dúró, ẹ kú ìdúró. Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé, Bàbá yìí, ṣé èèyàn ò lè dúró lásán ni?

Ní Sátidé kan, Alhaja tó ni ilé wá wo iṣẹ́. Mò ń fi pláànù hàn wọ́n, mò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tó ga, ni Bàbá Gàní bá yọ sí wa. Wọ́n kí Alhaja dáadáa. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá mi. Ẹ kú làálàá. Ọlọ́run á máa fún yín lókun."

"Ìyá mi" yẹn ló gún mi. Mo mọ̀ pé bí àwọn bàbá wa ṣe ń pọ́n ọmọ obìnrin lé nìyẹn, bàbá tó bí mi gan-an máa ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ìwọ̀sí ni mo gbà á sí. Lójú tèmi, "sisí" ló tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Mo yíjú sí wọn, mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo ayé lè gbọ́: "I am not your mother. I am the engineer here. If I need you, I will call you. Go and do your work!"

Ẹni tó ń gé irin dáwọ́ dúró. Bàbá Gàní wò mí díẹ̀. Tí inú bá bí wọn, wọn ò jẹ́ kí n rí i. Wọ́n kàn ní, "Ẹ má bínú, Engineer," wọ́n yí padà, wọ́n lọ síbi pákó wọn. Alhaja tẹjú mọ́ pláànù bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Láti ọjọ́ yẹn, sáìtì yí padà. Kò sẹ́ni tó kí mi ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Good morning, Engineer." Ó tán. Tí mo bá bi wọ́n ní nǹkan, "Yes, Engineer." Kò sẹ́ni tó pè mí ní sisí. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan lórí fóònù, mo ní, "Ó ti yé wọn báyìí. They respect me now."

Respect! Háà.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kan dẹ́kìn. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ wa, dẹ́kìn ni kọnkéré tí a máa ń dà láàárín ilé ìsàlẹ̀ àti tòkè. Kó tó gbẹ, kò lè gbé ara rẹ̀. Pákó ló máa gbé e, ọparun tí a tò sábẹ́ ló máa gbé pákó, ilẹ̀ ló sì máa gbé ọparun. Ilẹ̀ wa nígbà yẹn, yẹ̀pẹ̀ lásán ni, a ò tíì da kọnkéré sí i. Tí ilẹ̀ bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ yẹ̀ nìyẹn.

Òjò wá rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a máa dà á. Ẹ mọ òjò Ajah! Omi gba gbogbo ojú títì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ti fà, ilẹ̀ ti ń gbẹ lójú. Míkísà ti dé, àwọn lébìrà ti pé. Mo gun orí dẹ́kìn, mo wo irin lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wọ̀n ọ́n, ó pé. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, mo rí ọparun tó dúró gbọn-in gbọn-in. Mi ò wọnú lọ dé kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ó ṣókùnkùn níbẹ̀, ẹrẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, bàtà mi sì mọ́.

Bàbá Gàní wá bá mi. Wọ́n nu ọwọ́ sára ṣòkòtò wọn, wọ́n ní, "Ẹ kú òjò àná o, Engineer."

Mi ò wo ojú wọn. "Baba, is your work ready?"

"Òjò yẹn mà pọ̀ o," ni wọ́n tún wí.

"Ready, yes or no?"

Wọ́n tún nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Yes, Engineer."

Mo juwọ́ sí àwọn tó wà nídìí míkísà pé kí wọ́n tan án.

Ó ti tó wákàtí méjì tí a ti ń da kọnkéré nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ilé. "Ẹ dúró! Ẹ má dà á mọ́! Ẹ dúró!" Ohùn Bàbá Gàní ni.

Àwọn lébìrà tó ru kọnkéré wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn wò mí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: èèyàn ń ké lábẹ́ ibi tí wọ́n dúró lé, àṣẹ mi ni wọ́n ń retí! Èmi tí wọ́n ń wò wá ńkọ́? Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Who said stop?"

Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni? Mẹ́rin, bóyá márùn-ún. Mo ṣì ń kà á títí dòní.

Ràṣídì, fọ́ọ̀màn wa, ni kò dúró dè mí. Ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó figbe ta: "Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Gbogbo yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀!" Wọ́n sáré gba ọ̀nà iwájú. Bí ẹni tó kẹ́yìn ṣe fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ báyìí, mo gbọ́ tí ọparun kan ṣẹ́, kàù! Òmíràn tẹ̀lé e. Kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rọra rì, bí tìmùtìmù ṣe ń rì tí èèyàn bá jókòó lé e, kọnkéré tútù ṣàn lọ síbẹ̀, pákó ya.

Bàbá Gàní sì wà lábẹ́ ilé.

Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé mò ń ké "Bàbá! Bàbá!", kò sí Gẹ̀ẹ́sì kankan lẹ́nu mi mọ́. Bàbá ti fàyà fà dé àárín kí Ràṣídì tó wọ́ wọn síta. Ọparun ti gbá wọn léjìká, apá òsì wọn rọ̀ jọwọlọ, kọnkéré bo irun orí wọn. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n lajú, wọ́n ní, "Ṣé gbogbo wọn ti sọ̀ kalẹ̀?"

Gbogbo wọn ti sọ̀ kalẹ̀.

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà. Dókítà ní egungun èjìká ló ṣẹ́, yóò jinná, ṣùgbọ́n wọn ò ní lè gbé òòlù fún bí oṣù méjì. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: pẹ̀lú gbogbo ìrora yẹn, nọ́ọ̀sì wọlé, Bàbá ní ẹ kú ìtọ́jú o. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wọlé, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o, àárẹ̀ ò ní mú yín. Obìnrin yẹn dúró bí ẹni pé kò sẹ́ni tó kí i láti àárọ̀. Ó gbé igi ìnulẹ̀ ti ògiri, ó jáde, ó gbé ìrọ̀rí kejì wá, ó sì rọra ki í sábẹ́ apá wọn. A ò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ o!

Mo wá bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti rọ̀?"

Wọ́n wò mí. "Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ni, Engineer."

"Nígbà wo, sà?"

"'Ẹ kú òjò àná' ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Èèyàn kì í kàn já lu ọ̀gá lójú àwọn ọmọọṣẹ́ pé ibi báyìí ò dáa. Mo ní kí ẹ dá mi lóhùn ná. Ẹ̀ bá ní, 'Ẹ kú òjò o, Bàbá, ṣé kò ba nǹkan jẹ́?' Ǹ bá ní, 'Ó gbá yẹ̀pẹ̀ lọ ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sán kí n tún ẹsẹ̀ ọparun tò.' Ẹ wá ní yes or no. Pákó mi ready lóòótọ́. Ilẹ̀ ni kò ready. Ìyẹn ni mo fi wọ abẹ́ ilé lọ, pé kí n máa fi òkúta tì í díẹ̀díẹ̀."

Wọ́n pa ojú dé. Mo rò pé wọ́n ti sùn. Ni wọ́n bá tún ní, "Èmi náà jẹ̀bi. Ó yẹ kí n ti pariwo láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti lé lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ máa ń wúwo lẹ́ẹ̀kejì."

Mo jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ń yí nínú mi. Gbogbo ẹ kú, ẹ kú tí mo kà sí àkókò tó ń ṣòfò, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ti ń gbé ìròyìn wọlé. Ẹ kú òjò: kí ni òjò bàjẹ́? Ẹ kú ìrìn: báwo lọ̀nà ṣe rí? Ẹ kú ọwọ́ lómi: ṣé ara ìyá àti ọmọ le? Mo ti ilẹ̀kùn yẹn pa, mo sì jókòó sínú, mò ń yọ̀ pé ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tó le jù kò tíì dé o.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaja wá. Wọ́n yí ilé náà po, wọ́n dúró síwájú kọ̀rọ̀ tó rì, gbogbo òṣìṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Wọ́n bèèrè ẹni tó to ọparun. Ẹnì kan ní káfíńtà ni. Alhaja ní kí wọ́n lé káfíńtà náà, kí àwọn má tún fojú kàn án lórí ilẹ̀ àwọn mọ́.

Ẹ wò ó, ọ̀nà ti là fún mi! Tí n bá ti dákẹ́ lásán, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bàbá Gàní wà nílé ìwòsàn, ta ló fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn? Èmi ni mo ní ìwé ẹ̀rí, èmi ni mo mọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo wo Ràṣídì, Ràṣídì wo ilẹ̀.

Mo ní, "Alhaja, ẹ má lé wọn, mà. Èmi ni mo jẹ̀bi. Bàbá fẹ́ sọ fún mi pé ilẹ̀ ti rọ̀, mo pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Iṣẹ́ mi ni láti wọ abẹ́ ilé dé ẹ̀yìn kí a tó da kọnkéré. Mi ò wọ̀ ọ́."

Mo wá yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́, mo kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ yẹn tòun ti àṣíborí mi, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wọn, pé mo fi ẹ̀mí wọn wéwu. Ṣé ẹ rò pé wọ́n pàtẹ́wọ́? Rárá o! Ràṣídì kàn ní, "Ẹ dìde, Engineer, òkúta á gún yín lórúnkún."

Alhaja ò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń lọ síbi ọkọ̀ wọn, wọ́n dúró lọ́dọ̀ mi: "Ọjọ́ tí o fi Gẹ̀ẹ́sì lé bàbá yẹn níwájú mi ló ti yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo rò pé bí ẹ ṣe ń ṣe é ní sáìtì nìyẹn." Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ fẹjọ́ mi sun ọ̀gá mi.

Ìyà jẹ mí, mi ò ní tan yín. Ọ̀gá mi kọ ìwé ìbáwí sí mi, wọ́n sì rán ẹnjiníà àgbà kan wá kó máa ṣọ́ mi títí dẹ́kìn á fi parí. Ọ́fíìsì wa ló tún ibi tó rì ṣe, àwọn náà ló gbọ́ bùkátà ìtọ́jú Bàbá Gàní. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mò ń sùn dáadáa.

Nígbà tó yá, Bàbá padà wá. Wọ́n so apá kọ́rùn, wọ́n jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń fi ẹnu darí àwọn káfíńtà yòókù. Wọ́n ní ká fi ọparun kún ti àárín. Mo ní ó ti tó, mo ti ṣírò rẹ̀. A jiyàn bí ẹni ń jà, Yorùbá ni a fi jà á! Èmi ni mo jàre lọ́jọ́ náà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ní ojú àtẹ̀gùn ò tọ́, mo ní ó tọ́, a wọ̀n ọ́n, àwọn ni wọ́n jàre. Iyàn méjèèjì yẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo "Yes, Engineer" tí mo ti gbọ́ látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a máa tún kọnkéré dà, èmi fúnra mi wọ abẹ́ ilé dé kọ̀rọ̀, mo fọwọ́ kan ọparun kọ̀ọ̀kan. Dẹ́kìn yẹn ti gbẹ báyìí, àwọn bíríkìlà sì ti ń kọ́lé lórí rẹ̀.

Kí ni mo wá rí kọ́?

Ìbẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ jọ ara wọn gan-an lójú ẹni tó ń pàṣẹ. Àwọn méjèèjì ló ń sọ pé "yes, sà". Ẹ fẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn? Ẹ dúró di ọjọ́ tí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́. Ẹni tó ń bẹ̀rù yín á máa wò yín lójú. Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún yín á pariwo.

Mi ò sọ pé kí obìnrin máa gba ìwọ̀sí o! Ẹni tó bá pè mí ní sisí ní sáìtì, màá dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ mi á sì ta á lára. Ṣùgbọ́n "ẹ" ni màá fi dá a lóhùn.

Mo tún máa ń rí i ní Phase 1: ẹnì kan á máa fọn fèrè ọkọ̀ mọ́ ẹni tó ń ṣí géètì bí ẹni ń lé ewúrẹ́, yóò sì dé ọ́fíìsì tán, yóò máa tẹrí ba fún MD. Ṣé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn? Ìṣirò ni! Ó ti ṣírò ẹni tó lè ṣe é lóore àti ẹni tí kò lè ṣe é. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Wọn ò sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ wo irú aṣọ tí ẹni náà wọ̀.

Ó kù sọ́wọ́ yín o. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà, yálà ẹ̀yin lẹ pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́, tàbí ẹ̀yin ni wọ́n lé tí ẹnu yín fi wúwo? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí yìí, màá kà á, mi ò ní bú ẹnikẹ́ni, ẹnu mi ò tó bẹ́ẹ̀ mọ́!

Tí ẹ ò bá sì rí nǹkan kan kọ, ẹ ronú sí ẹnì kan ṣoṣo níbi iṣẹ́ yín tí ẹ máa ń gbójú kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ni ẹni yẹn mọ̀ tí ẹ̀yin ò mọ̀?